Okùn Tó Gba Iwájú Ilé Oníkìjìpá

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá, 1997

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Títí di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀, okùn fáíbà tó so kọ̀ǹpútà báńkì Ọjà Tuntun mọ́ ti ẹ̀ka rẹ̀ ní Basin kò gbọdọ̀ kú. Bó bá yege, báńkì á gbé ìtọ́jú okùn náà fún ilé-iṣẹ́ wa, ọ́fíìsì wa á dúró ní Ìlọrin, èmi ni wọn yóò sì fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Bí kò bá yege, wọ́n á ti ọ́fíìsì pa, èmi á sì di ẹrù mi padà sí Èkó, sí yàrá ẹ̀yìn nílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti máa ń ka ẹran inú ìkòkò kí n tó wọ ilé ìdáná, tí á tún un kà nígbà tí mo bá jáde. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ní ní Basin. Mi ò ní í fi wọ́n sílẹ̀.

Nathan tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá wa títí ìdánwò á fi parí wọ táì wá sí báńkì. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré nínú dígí títí Alhaji Abdulkadir, mánéjà báńkì, fi bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Nathan ò fọwọ́ kan okùn yẹn rí. Òun ló ya ojú ọ̀nà tó gbà: ó gbé rúlà lé máàpù, ó sì fa ìlà. Bí odò Ọya bá wà láàárín Ọjà Tuntun àti Basin, á fa ìlà rẹ̀ gba orí omi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Òjò. Okùn ń ṣiṣẹ́. Nathan ń rìn bí ẹni tó dá ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23

Èmi àti Danjuma rin ojú ọ̀nà okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Danjuma ni dírẹ́bà wa. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyẹn ni mo ṣe lè bá a jókòó nínú mọ́tò kan náà. Àdéhùn ni pé kí àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ gbẹ́ ẹ dé ìbàdí. Níwájú Ilé Oníkìjìpá, kò dé orúnkún. Inú mọ́tò ni Nathan wà lọ́jọ́ yẹn, ó ti fèrèsé nítorí eruku, ó sì fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ dára.

Ilẹ̀ iwájú agboolé náà gbòòrò, wọ́n gbá a mọ́ tónítóní, kò sí ilé kankan lórí rẹ̀. Nathan ní ilẹ̀ òfìfo ni, ìdí nìyẹn tó fi gba ibẹ̀ kọjá. Danjuma dúró, ó wò ó títí.

“Màdáámù,” ó ní, “ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá láràárọ̀, tẹ́nì kankan ò sì kọ́lé sí láti ayébáyé, ẹ rò pé ó ṣófo?”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Ẹ bi onílé.”

Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ní kí n máa bi àwọn ará Ìlọrin ní ìbéèrè, wọ́n á kọ́kọ́ kí mi títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìyá arúgbó kan wà lórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, Hàlímọ̀tù ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Bàbá Àkànbí tó jẹ́ Magájí, olórí ilé náà. Ó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọdé: “Ẹ kúrò níbẹ̀ o! Wáyà ló wà nílẹ̀ yẹn, iná á gbé yín!” Kì í ṣe àwọn ọmọdé nìkan. Àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n náà ń fo ojú ilẹ̀ tí a dí yẹn, wọn ò jẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi run mí. Mo mú àgékù okùn kan jáde nínú àpò, mo fi ahọ́n lá a lójú gbogbo wọn. Mo ní kò sí iná níbẹ̀, pé dígí tó tín-ín-rín bí irun ni, pé ewúrẹ́ wọn lè jẹ ẹ́ kó sì lọ sùn.

“Kí ló wá wà nínú ẹ̀, ọmọ mi?” Ìyá Hàlímọ̀tù bi mí.

“Ìmọ́lẹ̀ ni, Mama.”

“Ìmọ́lẹ̀ tí kì í jóni? Lábẹ́ ilẹ̀?” Inú rẹ̀ dùn. “Ó mà dáa o. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ yẹn nílò ẹ̀.”

Mi ò mọ ohun tó ń sọ, mi ò sì bèèrè. Ó fi ewé gbé wàrà fún mi. Mo ní mo ti jẹun, bẹ́ẹ̀ n kò tíì fi nǹkan kan ẹnu látàárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Pásítọ̀ fi wákàtí kan gbáko ṣàlàyé ìrẹ̀lẹ̀ fún wa, ó wá gun mọ́tò tuntun lọ. Kò sí epo ní ilé epo kankan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gálọ́ọ̀nù kan ti di àádọ́jọ náírà, omi sì wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́rú, 29

Èèrà wọ inú àpótí ìsopọ̀ ní Basin. Mo tú u, mo nù ún, mo gé ojú okùn, mo tún un so. Èyí tí mo so lónìí mọ́ ju ti àwọn ará Èkó tó kọ́kọ́ so ó lọ. Nínú ìwé tí Nathan kọ sí ọ́fíìsì àgbà ní Èkó, ó ní “a tún un ṣe.” Ta ni “a”?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kọkànlá

Okùn kú.

Ọ̀sán ni. Kọ̀ǹpútà Basin dákẹ́, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ ariwo, Nathan ń sá yí ọ́fíìsì po bí adìẹ. Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ okùn wò, mo so ó mọ́ ẹnu okùn ní Ọjà Tuntun. Ẹ̀rọ yẹn á tan ìmọ́lẹ̀ sínú okùn, á sì sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti já. Òun nìkan ni mo bọ̀wọ̀ fún nínú iṣẹ́ yìí, torí kì í purọ́, kì í sì í wọ táì. Mo gbé ohun tó sọ lé máàpù. Iwájú Ilé Oníkìjìpá.

Nígbà tí èmi àti Danjuma débẹ̀, èrò kún fọ́fọ́. Àwọn ọkùnrin ń fọ ọwọ́, ọkọ́ àti àdá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tútù wà láàárín ilẹ̀ mímọ́ yẹn, okùn mi sì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀ bí ìrù eku. Ìyá Hàlímọ̀tù ló kú lówùúrọ̀. Wọ́n ti kírun sí i lára lẹ́yìn Àìlà, wọ́n sì ti sin ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sin ara wọn sí, láti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wọn wá. Ilẹ̀ òfìfo Nathan nìyẹn.

Ó yẹ kí n kí wọn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: “Ta ló gé e?”

Bàbá Àkànbí yí ojú sí mi. Ó ga, ó gbẹ, ó sì máa ń wo èèyàn bí ẹni ń wo ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ bàtà. Ìyẹn la fi jọra.

“Àwa la gé e,” ó ní. “Ó dínà mọ́ sàréè ẹ̀gbọ́n mi. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ fàdá kàn án, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ṣebí ìwọ lo dúró níbí, tó o fahọ́n lá a, tó o ní kò sóhun tó wà níbẹ̀?”

“Mo ní kò sí iná. Mi ò ní kẹ́ ẹ gé e.”

“O ní ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Danjuma ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọn nítorí àwa méjèèjì, tó sì fà mí lápá kúrò níbẹ̀. Mo bínú dé ilé. Mo bínú sí wọn, mo bínú sí Nathan, mo bínú sí arúgbó tí kò rí ọjọ́ mìíràn kú. Mi ò lè jẹun alẹ́. Wàrà inú ewé yẹn ni mo ń rí lójú.

Ọjọ́rú, 5

Alhaji Abdulkadir kò pariwo, ìyẹn ló burú. “Kí báńkì tó ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ tún un ṣe,” ó ní. “Ẹ̀ẹ̀kan ni màá fojú fò ó. Bó bá tún kú kí àkókò tó pé, kí kálukú máa lọ ilé ẹ̀.”

Nathan ní ká gbẹ́ ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ká ti okùn gba abẹ́ òkú kọjá, pé wọn ò ní í mọ̀. Mo bi í bóyá ó ní ìyá. Nígbà tí mi ò gbà, ó gba Ilé Oníkìjìpá lọ pẹ̀lú áńfílóòpù owó lọ́wọ́, ó tẹ́ máàpù sórí ẹní láàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, ó ń fi bírò tọ́ka sí ibi tí òkú wà. Wọ́n fún un ní omi mu. Wọ́n bá a ká máàpù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Ó padà wá, ó ní àwọn èèyàn yẹn ò gbédè.

Ọjọ́bọ̀, 6

Danjuma ní kí n lọ kí wọn. “Ẹ má gbé ẹ̀rọ lọ. Ẹ má dárúkọ wáyà. Ẹ kàn jókòó.”

“Títí dìgbà wo?”

“Títí wọ́n á fi bi yín léèrè ohun tó gbé yín wá.”

Àdúà ọjọ́ kẹta ni wọ́n ń ṣe lónìí. Mo wé gèlè, mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì mú mi lọ sẹ́yìnkùlé láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n gbé àtẹ ìrẹsì kan lé mi lẹ́sẹ̀ pé kí n bá àwọn ṣa òkúta inú ẹ̀. Èmi Christiana, tí ọjọ́ kan péré kù fún, mo ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Mo ṣa àtẹ kan tán, wọ́n gbé òmíràn dé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ olóògbé. Wọ́n ní títí ó fi kú ló ń sọ fún àlejò pé Ọlọ́run rán ọmọ Kirisẹ́ẹ̀nì kan wá tan ìmọ́lẹ̀ sí àwọn òbí òun lẹ́sẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo lè fojú sí. Mo tẹjú mọ́ ìrẹsì.

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, Hàjàrá, ọmọ olóògbé, wá jókòó tì mí.

“Àǹtí Oníwáyà, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ wí ohun tó ń dùn yín.”

Mo wí i. Ó mú mi lọ bá Bàbá Àkànbí, tó na ọ̀pá rẹ̀ sí ilẹ̀ náà.

“Apá ọ̀tún, bàbá wa ló wà níbẹ̀. Apá òsì, ìyá wa àtàwọn orogún ẹ̀. Ẹsẹ̀ ògiri, ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ibo lo fẹ́ gbà?”

Mo tọ́ka sí àyè tó wà láàárín sàréè tuntun àti ibi àlùwàlá. Àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Hàjàrá rọra sọ fún mi pé àyè yẹn wà nínú wàsíyà Bàbá, pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kí wọ́n tẹ́ òun sí.

“Tèmi ni,” Bàbá Àkànbí ní. “Mi ò tíì fẹ́ lò ó. Mo yá ọ. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ẹ, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọ, kó o wá kó wáyà rẹ kúrò. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó yá.”

“Àmín, Bàbá.”

Mi ò tíì ṣe àmín kan tó ti ọkàn mi wá tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Àwọn tó gbẹ́ sàréè ló gbẹ́ ojú ọ̀nà tuntun fún mi. Ó dé ìbàdí, ó gún régé. Àwọn tí Nathan gbà tẹ́lẹ̀ ò lè gbẹ́ irú ẹ̀ láéláé. Mo so okùn náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ká àlékún okùn tó pọ̀ sínú àpótí ní ìkángun méjèèjì, nítorí mo ti wá mọ irú ilẹ̀ tí mo wà. Ìmọ́lẹ̀ kọjá dé Basin kí báńkì tó ti ilẹ̀kùn. Nathan bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo nu ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ọyẹ́ ti dé. Ètè gbogbo ìlú ti là. Gààrí ti gbówó lórí sí i ní ọjà Ipata, ó sì kún fún iyanrìn. Mo gba Ilé Oníkìjìpá kọjá láti yẹ àpótí wò. Bàbá Àkànbí ń wúkọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Ikọ́ náà ò lọ. Mo ra oògùn ikọ́ àti ìgò oyin kan, mo gbé e lọ. Kì í ṣe ìfẹ́. Mo fẹ́ kó pé di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni.

“Èmi lo wá wò ni, àbí wáyà?” ó bi mí.

“Wáyà ni, Bàbá.”

“O ṣeun. Gbogbo àwọn ọmọ mi ló ń purọ́ fún mi.” Ó wúkọ́ títí. “Ó ku ìgbà wo?”

“Ọjọ́ mẹ́wàá, sà.”

“Màá gbìyànjú.”

Ọjọ́ Àìkú, 23

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó tì í. Ó bú ìjọba, ó bú àwọn ààfáà òde òní, ó bú àna rẹ̀ ọkùnrin tí kò lè so ewúrẹ́ kó má já. Kò sí ẹyọ kan tí mo lè jiyàn sí nínú ẹ̀. Mi ò rí ẹni tí mo gbádùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Kò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Nathan gbọ́, ìbẹ̀rù mú un. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ gbé dókítà wá fún un títí di ọjọ́ Ẹtì. Mo ní lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Ó ní ìyẹn ò sí nínú àdéhùn. Mo kórìíra rẹ̀ gan-an, torí pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà ṣe rò ó.

Dókítà wá. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá oògùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Danjuma kan ilẹ̀kùn mi lówùúrọ̀. “Wọ́n ránṣẹ́,” ó ní.

Bàbá Àkànbí kú lẹ́yìn ìrun Àsúbàá. Wọ́n fẹ́ sin ín kí àkókò ìrun Jímọ̀ tó tó. Òní sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù. Láti àárọ̀ ni èrò ti tò yí báńkì Basin ká.

Nathan ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó ń bẹ Hàjàrá pé kí wọ́n dúró títí báńkì á fi ti ilẹ̀kùn. Hàjàrá ò wò ó. Èmi ló yíjú sí, ojú rẹ̀ ti wú.

“Àǹtí, bí wáyà yín ò bá ṣeé gbé, a lè tẹ́ Bàbá sẹ́yìnkùlé. Àwọn ọkùnrin ti gbà. Ẹ̀yin lẹ wí.”

“Ẹ̀yìnkùlé!” Nathan ní. “Ẹ ṣeun, Mama. Ó ti parí nìyẹn.”

Gbogbo wọn ń wò mí. Yàrá mi ní Basin wà níbẹ̀, ipò ọ̀gá wà níbẹ̀, ilé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ní kí n sọ.

“Ó fi àyè ẹ̀ yá mi ni,” mo ní. “Ẹ gbẹ́ ẹ síbi tó ní kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ sí.”

Nathan pè mí ní orúkọ kan tí mi ò ní í kọ síbí, ó gun mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo fi ọwọ́ ha iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí okùn, Danjuma ń fa àlékún jáde nínú àpótí díẹ̀díẹ̀. Fáíbà kì í fẹ́ kí wọ́n ká a kéré jù. Bó bá ṣẹ́ kọ́rọ́, ìmọ́lẹ̀ á já. Kò ṣeé so kọ́ igi, kò ṣeé gbé lé èèkù ọkọ́. Danjuma gba apá kan dúró sí ìkángun. Mo jókòó sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ògiri, mo na apá mi méjèèjì, wọ́n sì tẹ́ okùn lé e, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ fúnni. Owó oṣù gbogbo Basin ń gba orí apá mi kọjá.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé, ààfáà rí mi.

“Obìnrin kì í wà níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ òkú. Kó dìde.”

Hàjàrá dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ààfáà, wáyà ló wà níbẹ̀. Àǹtí kàn ń bá wa gbé e ni.”

Ààfáà wò mí, ó wo okùn, ó padà sídìí àdúà rẹ̀.

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kéré nínú aṣọ funfun yẹn ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n to pákó lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyẹ̀pẹ̀. Èjìká mi ń jó mi bí ata. Mo sunkún. Mi ò lè nu ojú mi, nítorí ọwọ́ mi méjèèjì wà lábẹ́ okùn.

Lẹ́yìn náà ni Hàjàrá ní kí wọ́n kó àwọn òkúta àlùwàlá kúrò ní ẹsẹ̀ ògiri, kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ fún mi. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìbàdí. Mo tẹ́ okùn sí i, mo sì bò ó.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ bá Alhaji Abdulkadir ní Ọjà Tuntun pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lára aṣọ mi. Ó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó tì í sí mi.

“Ẹ kú iṣẹ́,” ó ní. “Ẹ wò ó, òní tí èrò pọ̀ jù lọ yìí, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ lórí okùn yín.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.